Ẹ Má Ṣílẹ̀kùn fún Ológbò Màmá

Bàbá Ìfẹ́dayọ̀,

Ẹ má ṣí ilẹ̀kùn yàrá wa o, bó ti wù kí ológbò yẹn ké tó. Èmi ni mo tì í mọ́bẹ̀, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ mi. Ó ń họ ilẹ̀kùn bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí.

Láàárọ̀ yìí tí mo fẹ́ kì í sínú àpò gàrí, ká lè gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, ó gé mi jẹ lọ́wọ́. Dókítà ẹranko ní kí n tètè máa lọ sí ọsibítù l'Adó, ká sì ti ológbò náà mọ́lé, ká máa ṣọ́ ọ bóyá ìwà rẹ̀ á yí padà.

Lọ́dún tó kọjá, mo ti dì í sápò tán, ẹ̀yin lẹ tú u sílẹ̀. Màmá yín ní, “Ológbò tó bá gbabẹ́rẹ́ ní ulé yìí, kò ní peku mọ́.” Ẹ ní kí n gbọ́ tàgbà. Mo gbọ́.

Aṣọ ìpàdé yín wà nínú yàrá náà. Ẹ wọ tara yín lọ. Ẹ má jẹ́ kí Ìfẹ́dayọ̀ sún mọ́ ilẹ̀kùn yẹn.

Bí Màmá bá bèèrè mi, ẹ ní mo ti lọ bá ológbò wọn gba abẹ́rẹ́ rẹ̀.