Òkè Tó Wà Nínú Ìgò Irin

                                        Ilé Kẹta, Ẹ̀yìn Ilé Búrẹ́dì.
                                        Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Màmá ò ní lè wá ní Sátidé. Mo yára sọ ọ́ ná, torí tí mo bá fi ìkíni bẹ̀rẹ̀, ìwé á tán kí n tó ní ìgboyà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó ka ìyókù. Ṣé ara yín le? Ṣé ọmọ inú ń tàpá dáadáa? Ṣé ẹ̀yìn ò dun ọkọ yín mọ́? Gbogbo wa níbí wà láàyè, Màmá náà wà láàyè, ọpẹ́ ni mo sì fi ń kọ ọ́.

Èmi ni mo kọ̀wé sí yín pé wọ́n ti gbádùn. Ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n fi fẹ́ iná ààrò búrẹ́dì ti ba ẹ̀dọ̀fóóró wọn jẹ́, àmọ́ tí wọ́n bá jókòó jẹ́ẹ́, ẹ ò lè mọ̀. Mo ṣe bí ẹni tó ń mí dáadáa nílé á mí dáadáa lórí òkè gíga tí ẹ̀ ń gbé ni.

Lánàá, a lọ gba oògùn tí wọ́n máa mú dání. Nígbà tí dókítà gbọ́ ibi tí wọ́n ń lọ, ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ gun òkè náà lórí àga. Mo rò pé ó ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Nọ́ọ̀sì fi ẹ̀rọ kékeré kan há ìka wọn, bí ẹni há aṣọ sórí okùn, kó lè ka afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀rọ ò sọ nǹkan kan. Kútẹ́ẹ̀sì pupa tí mo kùn fún wọn torí àtiwá sọ́dọ̀ yín ló dí i lójú. Nọ́ọ̀sì ń nù ún, ó ń rẹ́rìn-ín: "Ìyàwó tuntun lẹ gbé wá, ẹ ò sọ fún wa." Márùndínlọ́gọ́rùn-ún ló jáde. Ó wá fi ìbòmú tó so mọ́ ìgò irin kan bò wọ́n nímú. Afẹ́fẹ́ inú ìgò náà fúyẹ́, kò kún tó tiwa nísàlẹ̀ níbí, bíi tọ̀dọ̀ yín lókè gẹ́lẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹnu yà mí títí di ìsinsìnyí. Fèrèsé ṣí sílẹ̀, mò ń gbọ́ ẹni tó ń gbálẹ̀ níta, ọmọ mi ń sùn lẹ́yìn mi, Màmá gbé báàgì lé itan, síbẹ̀ wọ́n ti wà lókè. Nọ́ńbà ń já bọ́: àádọ́rùn-ún, márùndínláàádọ́rùn-ún, méjìlélọ́gọ́rin. Ètè wọn ń dúdú. Mo rí Sátidé lójú ẹ̀rọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Dókítà yára yọ ìbòmú, ó ní orí ìjókòó lèyí o, tí wọ́n bá sùn lókè tàbí tí wọ́n gun àtẹ̀gùn, á burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wo bí mo ṣe fẹ́ fọwọ́ ara mi gbé wọn sínú mọ́tò.

Màmá mí kanlẹ̀, wọ́n ní, "Mo ti dé òkè yín bọ̀. Mi ò rí ọmọ kankan níbẹ̀." Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, èmi bú sẹ́kún.

Wọ́n ti tú ẹrù wọn, àfi aṣọ òtútù tí wọ́n hun fún ọmọ. Wọ́n ní tí ìyá àgbà ò bá lè gòkè, ọmọ lè sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ wá bímọ sọ́dọ̀ wa. Mo ti palẹ̀ yàrá iwájú mọ́.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín. Awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá ń padà lọ́la. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èsì rán an: ṣé ẹ̀ ń bọ̀?

                                        Èmi àbúrò yín tí ẹ̀ ń pè ní
                                        Oníjàyà.