Fọ́tò Tí Ẹ Ní Kí N Fi Ránṣẹ́

Màámi, ẹ kú ojú lọ́nà. Fọ́tò yín rè é, ara mi sì le koko.

Obìnrin tó ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì tó wà lókè tèmi ló bá mi tún un ṣe pẹ̀lú ètò ọ̀fẹ́ kan lórí kọ̀ǹpútà. Ó pa bẹ́ẹ̀dì àti ògiri rẹ́, ó gbin òdòdó sẹ́yìn mi. Ó ní ṣé kí òun bu ẹran díẹ̀ kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, mo ní kó má ṣahun. A ti tẹ̀ ẹ́ jáde ká tó rí i pé ó gbàgbé ẹsẹ̀ ara ẹ̀, tó ń rọ̀ lókè orí mi láàárín òdòdó. Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa wá!

Ẹ bá mi kí Bàbá. Ẹ ní mo sanra, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi awò ojú wọn pamọ́.