Ọwọ́ tí Bàbá Gbé Sókè ní Èbúté

                                        Yàrá Kẹtàlá,
                                        Ilé Ìtura Etí Omi,
                                        Òpópónà Èbúté.
                                        Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ojú lọ́nà. Ṣé àlàáfíà ni ọkọ rẹ wà? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń jẹ́ kí o fi ojú kan oorun? Orúnkún Màmá ńkọ́? Jọ̀ọ́, bá mi sọ fún wọn pé òróró tí wọ́n ní kí n máa fi pa ẹ̀yìn ti ṣiṣẹ́, òórùn rẹ̀ nìkan ló kọ̀ tí kò kúrò nínú ọkọ̀. Ara tèmi le koko bí ojú ọta. Ọkàn mi ló rẹ̀ díẹ̀, wàá sì gbọ́ ohun tó fà á.

Mo mọ̀ pé o ti gbà pé a ti gúnlẹ̀ sílé ẹ̀gbọ́n mi láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, pé Bàbá ti wà nínú yàrá tuntun wọn, wọ́n ti ń ṣàríwísí ibùsùn. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Àbúrò mi, Aago, ti kọ gbogbo ìrìn àjò yìí sínú ìwé, ewé mẹ́ta, tojú-tẹ̀yìn: ibi tí a ó ti ra epo, ibi tí a ó ti jẹun, iye ìṣẹ́jú tí Bàbá lè fi tọ̀. O rántí pé ìwọ gan-an lo sọ ọ́ ní Aago, nítorí pé kò lè mu omi láìwo wákàtí. Nínú ewé kejì ló kọ ọ́ sí pé a ó sùn ní ìlú yìí lálẹ́ ọjọ́ Ajé, a ó sì kúrò ní aago méje òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Òní lọjọ́ Ẹtì, orí tábìlì ilé ìtura yìí ni mo ti ń kọ̀wé sí ọ.

Ìlú náà kò tóbi, kò kéré. Odò ló là á já. Àwọn ọkọ̀ ojú omi ń kó sìmẹ́ǹtì àti àgbàdo wọ inú rẹ̀, nítorí náà àwọn ará ibẹ̀ gbà pé etí òkun làwọn ń gbé. Ìrìn ọjọ́ méjì ni òkun sí wọn. Síbẹ̀, ìdákọ̀ró ràgàjì kan wà ní oríta tí wọ́n kùn ní búlúù, àwòrán ìgbì òkun wà lókè ibùsùn mi, obìnrin tó ń gba àlejò níbí sì ń dé fìlà ọ̀gákọ̀ ojú omi. Mo bi í bóyá ó ti rí òkun rí. Ó ní rárá, òun kì í fẹ́ kí omi kan òun lẹ́sẹ̀. Láti fèrèsé mi, kireni mẹ́rin ni mò ń rí, mẹ́ta ti dípẹtà. Aago ní kò sí nǹkan kan tí ènìyàn lè dúró wò nílùú náà, mo sì gbà pẹ̀lú rẹ̀.

Èbúté yìí ni Bàbá ti ṣiṣẹ́ kí a tó kó wá sí àdúgbò yín, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá. Ìwọ náà ti gbọ́ ọ nídìí oúnjẹ wa títí: "Kireni kan ò lè mira níbẹ̀ láìsí ọwọ́ mi." Mo sì sọ fún gbogbo kíláàsì pé Bàbá mi ló ń wa kireni. Ó dára, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo kíláàsì. Bàbá ò gun kireni rí. Ẹni tó ń wà á wà lókè, kò lè rí inú ọkọ̀ ojú omi, nítorí náà ẹnìkan ní láti dúró nísàlẹ̀, kó máa fi ọwọ́ júwe fún un: gbé e, dúró, sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ọwọ́ ẹni kan ṣoṣo ni awakireni gbọ́dọ̀ wò, kódà bí ọ̀gá àgbà bá ń pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá ni ọwọ́ náà. O rí i pé wọn ò parọ́ fún wa. Bàbá mọ bí ènìyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ tí kò ní jẹ́ irọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Aago ti di ẹrù sínú ọkọ̀ nígbà tí Bàbá jáde, wọ́n wọ aṣọ tí a dì pa mọ́ fún ọjọ́ tí a bá dé ilé ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní kí n gbé àwọn dé ibì kan, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Aago wo aago, ó ní kò burú.

Ilé kékeré kan ni, lẹ́yìn géètì èbúté. Ọkùnrin arúgbó kan jókòó síta, awò ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò. Òun ni ó ń wa kireni fún Bàbá láyé ọjọ́un. Ojú Àṣá ni wọ́n ń pè é nígbà náà, nítorí pé láti òkè lọ́hùn-ún ló ti ń ka ohun tí wọ́n kọ sára àpò. Bó ti wù kó rí, bàbá ni wọ́n jẹ́ sí mi, kí n bọ̀wọ̀ fún wọn. Bàbá mi kọ̀, wọn ò jókòó. Orí ìdúró ni wọ́n ti sọ ọ́, bí ọmọ iléèwé tí olùkọ́ pè jáde.

Ọ̀rọ̀ náà rèé. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn, àpótí ńlá kan ń ti inú ọkọ̀ ojú omi bọ̀ lẹ́nu kireni. Ọgọ́ta àwo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, tuntun, funfun báláú, tí wọ́n rà fún ọ́fíìsì àwọn ọ̀gá èbúté. Bó ṣe dé agbede méjì, ẹnìkan kí Bàbá láti òkèèrè. Ta ni wọ́n ó kí tí kò ní dáhùn? Bàbá gbé ọwọ́ sókè, wọ́n tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, wọ́n mì í lẹ́ẹ̀mejì. Lójú èmi àti ìwọ, ìkíni nìyẹn. Lójú awakireni, "sọ̀ ọ́ kalẹ̀" ni. Àpótí náà gbá etí ọkọ̀, okùn já, ó di inú omi. Kò sẹ́ni tó fara pa. Àwọn ẹja odò yẹn ló kọ́kọ́ ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìgbàlódé nílùú náà.

Nígbà tí àwọn ọ̀gá ń wádìí, wọ́n bi Bàbá bóyá wọ́n ní kí awakireni sọ ẹrù kalẹ̀. Bàbá ní rárá, àwọn ò ní kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi, tún gbólóhùn yẹn kà. Àwọn ọ̀gá wá pinnu pé ojú Ojú Àṣá ti ń rí ohun tí kò sí níbẹ̀. Wọ́n mú un kúrò lórí kireni, wọ́n ní kó lọ máa ka ọkọ̀ akẹ́rù lẹ́nu géètì. Ohun tó dùn mí jù ni pé ó gbà wọ́n gbọ́. Ó lọ ra awò. Láti ọjọ́ náà kò wa ohunkóhun mọ́, kẹ̀kẹ́ ológeere gan-an kò gùn ún. Ìyàwó rẹ̀ ló ń fà á lọ́wọ́ sọdá títì. Bàbá ní tiwọn gba ìwé ìyípadà sí ibòmíràn, a kó ẹrù, a di ọmọ àdúgbò yín. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Bàbá lọ ogún, ó tún fi mẹ́fà lé e.

Mo rò pé arúgbó náà yóò bínú tàbí kí wọ́n sunkún. Wọ́n bọ́ awò, wọ́n wo kireni lókèèrè, wọ́n ka nọ́ńbà ara rẹ̀ sókè. Mo wò ó, ó tọ̀nà. Wọ́n wọlé, wọ́n dé fìlà, wọ́n jáde, wọ́n ní kí Bàbá wọ ọkọ̀. "Wá sọ ọ́ fún wọn," ni gbogbo ohun tí wọ́n sọ.

Báyìí ni mo ṣe di awakọ̀ àwọn arúgbó méjì nínú ìlú tí kò sí nǹkan kan láti wò. Gbogbo òṣìṣẹ́ èbúté àtijọ́ tó bá ṣì ń mí ni a wá kàn. A bá ọ̀kan níbi tó ti ń gé irun, wọ́n ti fá apá kan orí rẹ̀, apá kejì ń dúró de ẹjọ́. Bàbá sọ ọ́ níbẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ fún ẹni tó ń tọ́jú ilé ìkẹ́rù, wọ́n sọ ọ́ fún obìnrin tó ń ka ẹrù, wọ́n sọ ọ́ fún mẹkáníìkì tí etí rẹ̀ ti di, tí a fi ní láti fi igbe sọ ọ́ tí gbogbo àdúgbò fi gbọ́. O mọ Bàbá, kò sí ìtàn tí wọ́n sọ lẹ́ẹ̀mẹta tí kì í dàgbà. Nígbà tó di ilé kẹrin, atẹ́gùn ti ń fẹ́. Nílé karùn-ún, oòrùn ti wọ awakireni lójú. Ojú Àṣá fi ọ̀pá lu ilẹ̀: "Kò sí oòrùn. Sọ ọ́ bó ṣe rí." Aago tún ewé kejì kọ, ó fi ogún ìṣẹ́jú sí ilé kọ̀ọ̀kan.

Inú bí mi sí Bàbá, mi ò ní tàn ọ́. Mo ń wà wọ́n kiri, ojú ń tì mí. Ilé gbogbo ni wọ́n sì ti ń bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà: ta lo ń kí? Bàbá, tí wọ́n rántí àwọ̀ okùn tó já, yóò ní ẹnìkan tó ń kọjá ni. Mo sọ fún Aago pé ẹni tó ń kọjá yẹn kò sí, pé Bàbá kàn ń wá ẹni tí yóò bá wọn pín ẹ̀bi ni. Jọ̀ọ́, rántí pé èmi ni mo sọ ọ́.

Ẹni kan ló wá kù tí Ojú Àṣá fẹ́ kó gbọ́ ju gbogbo ayé lọ. Ìyàwó wọn ni, ó lọ kí ọmọ wọn, àná ló sì ń bọ̀. Ìdí nìyẹn tí a ò fi lè lọ.

Màmá náà dé lọ́sàn-án àná pẹ̀lú báàgì kan. Kó tó sọ ọ́ kalẹ̀ rárá, ó ti na ọwọ́ láti fa ọkọ rẹ̀ lọ sórí àga. Arúgbó náà yọ ọwọ́ wọn, wọ́n ní kó jókòó kó gbọ́rọ̀. Ó rí Bàbá, kò sì kí wọn. Bàbá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹjọ, ṣókí, kò sí atẹ́gùn, kò sí oòrùn. Ojú Àṣá yíjú sí ìyàwó wọn: "Ṣé o gbọ́? Ojú mi ò ṣe nǹkan kan." Wọ́n tún kọjú sí Bàbá: "Ta lo ń kí gan-an?"

Bàbá ní ẹnìkan tó ń kọjá ni.

"Èmi ni," ni màmá náà wí. "Oúnjẹ ni mo gbé wá."

Ó ní òun mọ̀ pé wọn kì í fẹ́ rí ará ilé òṣìṣẹ́ létí omi, ṣùgbọ́n oúnjẹ ti ń tutù. Ó rí ọ̀rẹ́ ọkọ òun, ó kí wọn, wọ́n dáhùn, àpótí já. Ó ní ọdọọdún lòun ń sọ pé òun ó sọ ọ́, ẹnu òun kò gbà á. Ọwọ́ ọkọ òun lòun kàn ń dì mú láti ìgbà náà. Ojú ilẹ̀ ni Bàbá ń wò. Ìgbà náà ló yé mi pé bí Bàbá bá sọ ìdajì lọ́jọ́ ìwádìí, àwọn ọ̀gá ì bá bi wọ́n léèrè ìdajì kejì, wọn ì bá sì lé Ojú Àṣá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ pátápátá nítorí ìyàwó rẹ̀ tó wá sétí omi. Mi ò sọ pé Bàbá kò jẹ̀bi. Wọ́n tún fi ọ̀rọ̀ yẹn gba ara wọn là, àwọn náà mọ̀. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ti fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo wá ibi tí n ó fi ojú sí, mi ò rí.

Ojú Àṣá yíjú sí ìyàwó wọn. Ohùn wọn kò le.

"Oúnjẹ wo ni?"

"Ẹ̀wà ni."

"Kí lo wá fi ṣe?"

Ó ní òun gbé e padà sílé, òun dà á nù.

Bàbá mú fìlà wọn, wọ́n dìde, wọ́n ní kí n lọ ṣí ọkọ̀. Ojú Àṣá na ọ̀pá wọn dí wọn lọ́nà.

"Jókòó," ni wọ́n wí. Wọ́n sì sọ fún ìyàwó wọn pé kó lọ gbé ẹ̀wà kaná. "Àwa méjèèjì la ò jẹun lọ́jọ́ náà."

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o fẹnu ko àwọn ìbejì lẹ́nu fún mi, kí o sì kúnlẹ̀ kí Màmá dáadáa. Kí Olódùmarè jẹ́ ká fojú kan ara wa láìpẹ́.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí kì í pa ohunkóhun mọ́ fún ọ,

Ẹnu-ò-Dákẹ́.