Ọ̀nà Ya Sàréè Bàbá Àgbà Sílẹ̀

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Ara tù mí lónìí. Láti ìgbà tí àwọn tó ń fẹ ọ̀nà Paraku lójú ti fi ọ̀dà pupa sàmì sí sàréè bàbá àgbà níwájú ilé wa, Ìyá mi kò sùn dáadáa.

Ọ̀gá wọn dé láàárọ̀. Ìyá lọ bá a.

"Ọmọ mi, àwọn òyìnbó ló fi tipátipá mú bàbá mi wá fi ọkọ́ la ọ̀nà yìí. Ṣé ọ̀nà náà ni yóò tún wá hú u?"

Ọkùnrin náà ṣí fìlà. Ó tún ilẹ̀ wọ̀n.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Mama. Apá òkè, ní òdìkejì ọ̀nà, la máa fẹ̀ ẹ́ sí."

Ká ní wọ́n hú u ni...

Ìyá jókòó ti sàréè, ó sunkún ayọ̀, bí ọmọ tí bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ ọ̀nà dé.