Má Fi Máàkì Ẹgbẹ̀rún Mọ́kànlá Sílẹ̀ Lọ Kọ́ Ilé Tuntun

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí, mo sì fi èyí tó kù pa mọ́ de ọ̀la. Ṣé ara le? Ṣé ò ń jẹun kí o tó jókòó ti kọ̀ǹpútà, àbí o ṣì ń fi ọwọ́ kan jẹun, tí o ń fi ìkejì tẹ̀ ẹ́? Kí Elédùmarè máa ṣọ́ ìjókòó àti ìdìde rẹ, kí iná má kú mọ́ ọ lójú iṣẹ́. Àlàáfíà la wà níbí. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó sì ní kí n sọ ọ́ kó yé ọ pé òun gan-an ló ní kí n kí ọ, kì í ṣe pé mo kàn fi orúkọ òun kún un. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé ti tún ń dún. Èmi káfíńtà ni mo kàn án, nítorí náà n kò rí ẹni tí mo lè bú.

Lẹ́tà rẹ dé. O ní ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ mẹ́ta fẹ́ kúrò lórí ìkànnì tí ẹ̀yin tó ń kọ iṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà ti máa ń bi ara yín léèrè ọ̀rọ̀, pé ẹ fẹ́ dá tuntun sílẹ̀, nítorí àwọn àgbà ibẹ̀ ń kanra mọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. O ní kí n gbàdúrà sí i. Èmi kì í gbàdúrà sórí ohun tí n kò tíì fojú rí, ni mo bá wọ bàtà, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù atúnfóònùṣe, mo ní kó fi ibẹ̀ hàn mí.

Ọmọ mi, mo rí máàkì tí wọ́n ti fún ọ lórí àwọn ìdáhùn rẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ: ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá ó lé mẹ́rin! Mo ṣí fìlà. Nígbà tiwa, ọgọ́rùn-ún ni òpin máàkì, kò sì sẹ́ni tó gbà á rí. Mẹ́tàdínlógójì ni tèmi, síbẹ̀ bàbá mi gbé mi kọ́ èjìká. Mo lọ sọ fún tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì lójúlé kejì sí tiwa, ó ní irú máàkì bẹ́ẹ̀ kò sí, pé ara ẹni tó fún ọ ni kò yá. Mo ní kó má jowú ọmọ ọlọ́mọ. A kò tíì bára wa sọ̀rọ̀ látọjọ́ náà. Ohun tó wá dùn mí ni pé atúnfóònùṣe ní bí o bá kó lọ sí ilé tuntun, ẹyọ máàkì kan kò ní bá ọ lọ, òdo ni wàá ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n ń padà sí jẹ́lé-ó-sinmi!

Mo ní ó yá, n óò bá àwọn àgbà náà sọ̀rọ̀ fúnra mi. Mo ń sọ, atúnfóònùṣe ń tẹ̀ ẹ́ ní èdè wọn. Mo kí ilé, mo kí ọ̀nà, mo béèrè àlàáfíà aya àti ọmọ, mo ní èmi ni bàbá ẹni tó ni ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá. Ìṣẹ́jú méjì kò pé tí wọ́n fi ti ọ̀rọ̀ mi pa, kí ẹnikẹ́ni má baà dáhùn. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ìkíni kì í ṣe ìbéèrè. Inú bí atúnfóònùṣe, àmọ́ èmi yìn wọ́n. Ilé wo ló kù láyé tí ènìyàn ń jókòó ti ilẹ̀kùn tó báyẹn láìgba kọ́bọ̀? Mo fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ ní báńkì láti ọdún tó kọjá, kò tíì sẹ́ni tó dá mi lóhùn, ì báà tiẹ̀ jẹ́ èébú.

Lọ́jọ́ kejì mo padà lọ, mo sì béèrè bí wọ́n ṣe fẹ́: mo ní níbo ni àlejò yín ti ń kí yín? Ọmọ mi, wọ́n fà á títí ọjọ́ fi rọ̀. Ènìyàn méjìlélọ́gọ́ta na àtàǹpàkò sókè fún mi. Ẹnì kan láti ilẹ̀ òkèèrè wá sọ pé nígbà tóun kọ́kọ́ dé, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti ìbéèrè òun, òun ti ń palẹ̀ mọ́, àfi bí ìwọ ṣe tún un kọ fóun, tí o ní kí wọ́n ṣí i, tí o sì dáhùn. Ó ní ìdáhùn náà lòun fi ríṣẹ́ tóun ń ṣe lónìí. Mo ní kí atúnfóònùṣe tún un kà. Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ó sì ní òun fẹ́ pa ṣọ́ọ̀bù dé.

Ṣé o rí i, orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bí ẹ bá dá tuntun sílẹ̀, ẹ̀yin mẹ́rin ni ẹ óò máa bi ara yín. Ohun tí kò bá yé ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ta ni yóò dáhùn? Bó bá sì kún tán, ẹ̀yin náà lẹ máa di àgbà ibẹ̀, ẹ óò sì máa kanra.

Olórí àwọn àgbà náà ní àwọn gbà láti ya yàrá kan sọ́tọ̀ tí wọn yóò ti máa gba àlejò, tí wọn yóò sì máa kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń béèrè, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ní sùúrù láti bójú tó o. Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Mo fi ọ́ sílẹ̀ fún wọn. Mo fi àwọn ọ̀rẹ́ rẹ mẹ́ta ṣe igbákejì. Wọ́n ti fọwọ́ sí i, ọjọ́ Ajé lẹ máa bẹ̀rẹ̀.

Jọ̀ọ́, fi owó dátà ránṣẹ́, nítorí mo ti ṣèlérí fún wọn pé n óò máa wá kí wọn láràárọ̀.

Ilẹ̀kùn tí o bá ṣí fún ẹlòmíràn kò ní tì mọ́ ìwọ náà.

Èmi ni,
Bàbá rẹ