Aago Iná Ń Jẹ Iṣu Mi

Ute,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì, 1996.

Boniface ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ yín ní Èkó. Ara èmi àti ìyá rẹ le, ọkàn wa ni kò balẹ̀, aago iná tí ìjọba sanwó rẹ̀ fún wa ló fà á.

O rántí pé ìwọ lo buwọ́ lùwé kí wọ́n lè fún wa. Láníyì, akọ̀wé tó mú un wá, kàn án mọ́ àjà ilé ìdáná, ó ní bí iná bá ń jó, yóò pariwo. Kò parọ́. Ìyá rẹ kò tíì fẹ́ná tán tí aago fi figbe ta. Gbogbo àdúgbò gbé omi dé, wọ́n dà á sórí ààrò, wọ́n dà á sínú ọbẹ̀. Ìwọ náà mọ̀ pé ẹni tó bá sáré wá bá ni paná, a kì í jẹ́ kó padà láìjẹun. Mo mú iṣu mẹ́fà jáde kí wọ́n gún un. Bí ìyá rẹ ṣe dáná láti sè é, aago tún figbe ta, àwọn ará òdìkejì ìlú tún dé, a tún bọ́ àwọn náà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí a ti ń bá a yí. Mo ní kí ìyá rẹ máa dáná lẹ́yìnkùlé, ó ní ṣé òun jalè ni tí wọ́n fi máa lé òun kúrò nílé ìdáná òun. Lánàá, Jímọ̀ télọ̀ gbé korobá sáré wọlé, kò sí omi níbẹ̀, ṣíbí ló wà nínú rẹ̀! Mo bi í léèrè omi, ó ní àwọn tó ṣíwájú òun á ti gbé e wá.

Mo gun àga kí n já aago náà dànù, mo wá rántí pé Láníyì ní ẹni tó buwọ́ lùwé ni ìjọba yóò mú bí a bá fọwọ́ kàn án. Mo sọ̀ kalẹ̀. Iṣẹ́ ọmọ mi kò ní bọ́ nítorí iṣu. Ṣùgbọ́n èbù tí n óò gbìn la ti ń sè báyìí, ó ku méjìlá. Kí la óò jẹ lọ́dún tó ń bọ̀? Ìjọba tó lówó aago, kí ló dé tí kò fi owó oúnjẹ àwọn apaná sí i? Lọ bi wọ́n. Kí wọ́n wá yọ ọ́, kí ìwọ náà sì fowó èbù ránṣẹ́ kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀.

Wọ́n ní ní Èkó, ẹ kì í mọ orúkọ ẹni tí ẹ jọ pín ògiri. Ọlọ́run má jẹ́ kí o pariwo iná láé. Bí o bá sì máa pariwo rẹ̀, kí Ọlọ́run jẹ́ kó jẹ́ Ute lo wà.

Èmi ni bàbá rẹ,
Olúgbádé