Ohùn Màmá Nínú Fíìmù Orin Napoli

Ìyá àgbà mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Napoli. Èmi nìkan ni mo kọ Yorùbá yìí o. Ẹ má jẹ́ kí Bọ̀ọ̀dá Gbọ́láhàn tó ń ka lẹ́tà fún yín fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìròyìn ayọ̀ ni! Fíìmù tí wọ́n yà nípa orin ìlú Napoli yìí ti jáde. Inú àgbàlá wa gan-an ni wọ́n ti yà á. Donna Titina, ìyá arúgbó tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wa, ń dá orin, àwọn obìnrin sì ń gberin lójú fèrèsé bí wọ́n ṣe ń sá aṣọ. Màmá náà gberin.

Ìrọ̀lẹ́ àná la wò ó lágbàlá, lára aṣọ ìbùsùn funfun tí a so kọ́. Ohùn Màmá dún ketekete. Ojú rẹ̀ nìkan ni a kò rí. Ọ̀gá tó ya fíìmù náà sọ pé ìmọ́lẹ̀ kò tó ní fèrèsé wa. Fèrèsé Assunta tó kángun sí tiwa hàn dáadáa, ṣùgbọ́n kò burú. Màmá rẹ́rìn-ín, ó ní orí ń fọ́ òun díẹ̀, ó sì ń gòkè lọ.

Ni Donna Titina bá dìde síwájú fíìmù, ó kọjú sí ọ̀gá náà.

"Ìwọ ọmọ yìí, ta ló ń bá mi gberin yẹn?"

"Ẹ jókòó, Donna Titina, a ò ríran!" ni àwọn èèyàn ń pariwo.

"Kí lẹ fẹ́ rí? Ẹni tí ẹ ń gbọ́ ló ń sá lọ yẹn! Nikẹ́, dúró níbẹ̀, gberin!"

Ló bá dá orin náà. Màmá dúró lórí àtẹ̀gùn, ó gberin. Gbogbo èèyàn yí àga wọn padà sí i, wọ́n kẹ̀yìn sí fíìmù.

Fíìmù parí, a ò mọ̀. Màmá jẹun dáadáa lálẹ́. Ó ní kí n kí yín, àti ewúrẹ́ yín tó ń jẹ aṣọ.

Ọmọ yín,
Fẹ́yiṣayọ̀